Oògùn BP Kọ́ Ló Ń Jẹ Iyè Àwọn Àgbà Wa

  Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí dé òpin. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé ìwé mọ́, kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kà á sí i létí.

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti orí fóònù dé orí fóònù. Ó ti dé inú ẹgbẹ́ wa náà, mo sì rí àwọn tó ń ṣe "àmín" sí i. Ọ̀rọ̀ náà ní oògùn BP tí wọ́n ń fún àwọn àgbà nílé ìwòsàn ló ń sọ wọ́n di ẹni tó ń gbàgbé nǹkan. Ó ní kí ìyá tó bá ti pé ọgọ́ta ọdún kó gbogbo rẹ̀ dànù, kó máa mu omi ewé láràárọ̀, pé iyè rẹ̀ á padà.

Irọ́ ni. Irọ́ tó ń pa ènìyàn sì ni. *Oògùn BP kọ́ ló ń jẹ iyè àwọn àgbà wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a fi sílẹ̀ láìtọ́jú ló ń jẹ ẹ́.*

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ṣojú mi.

Ìyá kan wà ní Gbági, níbi tí mo ti kọ́ aṣọ títà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìyá yìí kò lọ sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n orí wọn ju ìwé lọ. Wọ́n mọ ẹni tó gba léèsì yáàdì márùn-ún láwìn ní àsìkò Iléyá èṣí, wọ́n mọ ẹni tó san ìdajì, wọ́n mọ ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ kọjá nítorí gbèsè. Bí ẹ bá mú ìwé jáde láti bá wọn jiyàn, ìwé yín ló máa ṣìṣe.

Dókítà ti sọ fún wọn tipẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Wọ́n ń lo oògùn, hóró kan láràárọ̀. Ni ẹnì kan bá wí fún wọn nínú ọkọ̀ pé irú oògùn yẹn ló ń gbẹ ọpọlọ àgbà. Wọ́n fi sílẹ̀. Oṣù kìíní kọjá, kò sí nǹkan. Oṣù kejì kọjá, kò sí nǹkan. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i? Ara mi tiẹ̀ fúyẹ́." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe máa ń ṣe. Kì í pariwo.

Kó tó pé ọdún méjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà, kí wọ́n tún bi í pé owó dà. Wọ́n á gé aṣọ, wọ́n á gbàgbé ẹni tí wọ́n gé e fún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjà'ba, wọn kò mọ ọ̀nà Bẹyẹrúnkà mọ́, níbi tí wọ́n ti ń gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ. Ọmọ aláta kan ló fà wọ́n lọ́wọ́ dé ilé.

Kí ni àwọn ará ilé sọ? Àwọn kan ní ayé ló ń bá wọn jà. Àwọn mìíràn ní àwọn gan-an ni ayé, pé ẹyẹ wọn ló fò lọ tí kò rí ọ̀nà bọ̀. Ìyàwó ilé kan kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá mọ́. Owó tí wọ́n ná láti ilé àdúrà dé ilé babaláwo, ẹ má bi mí. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá ronú àtiwọn ẹ̀jẹ̀ wọn, 196 lórí 112 ni ẹ̀rọ kọ sílẹ̀. Dókítà ní àwọn iṣan kéékèèké inú ọpọlọ ti ń dí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá oògùn padà fún wọn. Ara wọn rọlẹ̀, wọn kò sì yára burú sí i bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ nínú iyè náà kò padà wá. Wọn kò dé ìsọ̀ mọ́ títí wọ́n fi ṣaláìsí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́ nígbà tí mo rí i tí irú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn tún ń lọ kiri lórí fóònù.

*Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń jẹ iyè?*

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú wa ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bẹẹrẹ, Ọjà'ba àti Bẹyẹrúnkà, ẹ mọ̀ pé títì tí mọ́tò ń gbà wà níta, ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé inú agboolé, ọ̀nà tóóró ni ẹ máa gbà, èyí tí ènìyàn méjì ní láti fẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó lè kọjá lára wọn. Omi, oúnjẹ, ìyàwó tuntun, òkú, ọ̀nà tóóró yẹn náà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Bí ògiri bá wó dí i, mọ́tò lè máa lọ máa bọ̀ ní títì Mápó, ebi á máa pa àwọn tó wà nínú agboolé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ rí. Iṣan ńlá ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ gun orí, iṣan tín-ín-rín bí irun ló ń pín in dé ibi tí iyè wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru ń fi agbára gbá ara àwọn iṣan wọ̀nyí lójoojúmọ́. Wọ́n á nípọn, wọ́n á le, àwọn kan á dí, àwọn kan á bẹ́. Bí èyí tó dí bá tóbi, gbogbo ayé á rí i: ẹnu á wọ́, apá á rọ, a ó pè é ní rọpárọsẹ̀. Bí ó bá kéré, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n bí kékeré bá ń dí tẹ̀lé kékeré fún ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ kan lẹ máa gbọ́ pé ìyá kò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni àrùn náà bẹ̀rẹ̀.

*"Àrùn òyìnbó ni"*

Àwọn kan máa ń sọ pé àrùn ìgbàgbé yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní dementia, kò kan Yorùbá. Pé àwọn baba wa ń ṣarán díẹ̀ lọ́jọ́ ogbó ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dìgbà tí a bá dé ìlú òyìnbó kí a tó rí ìdáhùn. Ìdíkàn ní Ìbàdàn níbí ni ìdáhùn wà.

Ní 1992 ni àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí láàárín àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní Ìdíkàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, àgbà oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀ kí wọ́n tó kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló bá a lọ. Àgbà 2,494 ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò ní Ìdíkàn. Ní ìlú Indianapolis, wọ́n yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú 2,212 wò bákan náà.

Wọn kò ní kí ẹni tí kò kàwé wá kọ̀wé. Wọ́n ṣètò ìbéèrè tó bá ẹni tí kò dé ilé ìwé mu, wọ́n sì tún ń bi àwọn ará ilé léèrè bí àgbà náà ṣe ń ṣe sí nílé. Ẹni tí kò mọ ọdún tí wọ́n bí i, ìṣẹ̀lẹ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ń bá a ṣírò rẹ̀. Bóyá ìyá tàbí bàbá ẹlòmíràn nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí wà lára wọn.

Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 ni pé nínú 1,000 àgbà ní Ìdíkàn, bíi 13 tàbí 14 ló ń kó sínú àrùn ìgbàgbé láàárín ọdún kan. Ní Indianapolis, bíi 32 ni. Tiwa kéré sí tiwọn, ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èyí yangàn, kó dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n tún yẹ àwọn àgbà Ìdíkàn wò nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2011, wọ́n rí i pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ló ń kó sínú àrùn ìgbàgbé ju àwọn tí tiwọn kò ru lọ. Àgbà Yorùbá ni wọ́n wò. Ara Ìbàdàn ni. Ẹni tó bá tún ní àrùn òyìnbó ni, kó lọ sí Ìdíkàn lọ sọ ọ́.

*Ṣé wọ́n ti dán oògùn náà wò?*

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi mí nìyí: "A gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń jẹ iyè. Ta ló wá dán an wò pé oògùn BP ń dá a dúró?" Wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ, wọ́n á ṣẹ́ gègé, àwọn kan á gba ìtọ́jú kan, àwọn yòókù á gba òmíràn, wọ́n á wá máa ka ẹni tí iyè rẹ̀ ń dàrú ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé gègé ló pín wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn tó lówó ni wọ́n fún ní oògùn gidi.

Ní Yúróòpù, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tó ti pé ọdún 60 sókè, 2,418 ni wọ́n. Èsì rẹ̀ jáde ní 1998. Láàárín àwọn tó gba hóró tí kò ní oògùn nínú, bíi 8 nínú 1,000 ló ń ní àrùn ìgbàgbé lọ́dún. Láàárín àwọn tó gba oògùn gidi, ó dín kù sí bíi 4. Oògùn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nitrendipine, ọmọ ìyá ni pẹ̀lú amlodipine tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò. Gbogbo ẹni tó kó àrùn náà nínú ìdánwò yẹn kò pọ̀, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tún dán an wò níbòmíràn.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó ènìyàn 9,361 jọ, àwọn tó ti pé ọdún 50 sókè. Wọ́n fi oògùn mú ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wálẹ̀ kó má tó 120, ti àwọn yòókù kó má tó 140. Ní 2019 ni èsì ti iyè jáde. Ìgbàgbé kékeré, èyí tó máa ń ṣáájú ńlá, dín kù ní nǹkan bí ìdá 19 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ jù. Àrùn ìgbàgbé gan-an náà kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó èyí tí ènìyàn lè fi búra. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò ní fi irọ́ já irọ́.

Èyí tó tóbi jù lọ wá láti abúlé Ṣáínà, ó sì jáde ní 2025. Ènìyàn 33,995 ni, ní abúlé 326. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń tọ́jú wọn o. Àwọn oníṣègùn abúlé tí wọn kò ní oyè dókítà ńlá ni wọ́n kọ́, tí wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń fún wọn ní oògùn, tí wọ́n ń bẹ̀ wọ́n wò léraléra fún ọdún mẹ́rin. Ní abúlé tí wọ́n ti ṣe èyí, àrùn ìgbàgbé fi ìdá 15 nínú 100 kéré sí ti àwọn abúlé tí wọ́n tọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá sọ fún mi: bí oògùn BP bá ń gbẹ ọpọlọ, ṣé abúlé tí wọ́n ti ń lò ó jù ni ìgbàgbé máa dín kù sí?

*Ṣùgbọ́n ẹ má sáré kọjá ààyè rẹ̀*

Mo ń bá àwọn tó ní kí a dà á nù jà, mo sì ní ìjà pẹ̀lú àwọn tó tún gba òdìkejì. Àwọn wọ̀nyí ní kí ẹni tí iyè rẹ̀ bá ti ra kó lọ ra losartan ní kẹ́míìsì kó máa lò ó, wọ́n ti sọ ọ́ di "oògùn ìrántí". Ìyẹn náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dán oògùn BP kan tó ń jẹ́ nilvadipine wò ní Yúróòpù lára ènìyàn 511 tí àrùn Alzheimer ti mú. Oṣù 18 ni wọ́n fi lò ó. Ní 2018 wọ́n sọ pé kò dá àrùn náà dúró. Wọ́n dán losartan wò ní Ìlú Ọba fún ọdún kan lára àwọn tó ti ní àrùn náà. Ní 2021 wọ́n sọ pé òun náà kò dá a dúró. Ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi candesartan àti lisinopril wé ara wọn fún ọdún kan lára ènìyàn 176 tí iyè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń ru. Ó ju ìdajì wọn lọ tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Èsì jáde ní 2020 pé àwọn tó lo candesartan ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ díẹ̀ nínú ìdánwò ríronú àti ìrántí. Ìròyìn rere ni, ṣùgbọ́n ènìyàn 176 kò tó ohun tí a fi ń ṣe òfin.

Ẹ̀kọ́ wo ni gbogbo rẹ̀ kọ́ wa? Àwọn baba wa ti sọ ọ́: igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. *Oògùn BP ń ṣọ́ ilé kí olè tó wọlé. Kì í gba ẹrù padà lọ́wọ́ olè tó ti lọ.* Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́. Ìgbà tí ẹ ṣì ń ka owó, tí ẹ ṣì ń bú oníbàárà tó jẹ yín lówó, ìgbà náà ni ẹ ní láti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ má sì ṣe fi oògùn aládùúgbò yín pààrọ̀ tiyín. Ní 2019, wọ́n gbé èsì ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe fún aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ fi oògùn méjì pọ̀, àpapọ̀ tí amlodipine wà nínú rẹ̀ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ tiwa wálẹ̀ jù. Èyí tó bá ẹnì kan mu lè má bá ẹlòmíràn mu. Dókítà ló máa yàn án, kì í ṣe fóònù.

*Ẹ jẹ́ kí n dá àwọn tó ń jiyàn lóhùn*

"Oògùn yẹn ń fi òyì kọ́ mi." Mo gbà. Oògùn lè mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, pàápàá lára àgbà, òyì lè kọ́ ènìyàn kó sì ṣubú. Amlodipine lè mú ẹsẹ̀ wú. Lisinopril lè fa ikọ́ gbígbẹ. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàtà bá ń ha yín lẹ́sẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ lẹ máa gé? Ẹ padà lọ bá dókítà, ẹ sọ ọ́, wọ́n á dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi òru ọjọ́ kan dá a dúró fúnra yín.

"Ṣé kò sí oògùn tó ń da iyè àgbà rú rárá?" Ó wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń wá kiri nínú àpò oògùn BP, inú àpò mìíràn ló wà. Valium tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè sùn, àti Piriton tí a ń jẹ sí ọ̀fìnkìn àti ara yíyún bí ẹni ń jẹ gúgúrú, wọ́n lè da iyè àgbà rú. Ó mà ṣe o, kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ránṣẹ́.

"Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ò lè fi í sílẹ̀ mọ́." Bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Omi náà ńkọ́? Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, ìgbà wo lẹ sì fẹ́ fi í sílẹ̀?

"Òyìnbó ń fi wá dán oògùn wò." Mi ò ní bú ẹni tó bá sọ èyí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996 kò ṣeé gbàgbé. Nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọn kò ṣàlàyé fún àwọn òbí bó ṣe yẹ. Ẹjọ́ náà pẹ́, ní 2009 ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù òpè. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìdánwò tí mo kà sílẹ̀ lórí iyè: Yúróòpù, Amẹ́ríkà, Ṣáínà. Ara àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n ti dán an wò. Ẹjọ́ tí èmi ní ni pé wọn kò tíì ṣe tó láàárín wa. A ti fi àwọn àgbà Ìdíkàn sílẹ̀ fún ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó yẹ kí ìdánwò oògùn tó ń dáàbò bo iyè dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì dé, òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014 wà níbẹ̀: wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹnikẹ́ni ṣèwádìí láì ṣàlàyé fún un, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ bi wọ́n ní èdè Yorùbá: Kí ni oògùn yìí? Kí ló lè ṣe mí? Ta ló máa tọ́jú mi bó bá ṣe mí? Ìgbìmọ̀ wo ló fún yín láṣẹ? Ṣé mo lè jáde nígbà tó bá wù mí? Ẹni tó bá lè dáhùn, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ tì í jáde.

"Oògùn ti wọ́n." Èyí nìkan ni iyàn tí mi ò lè já ní koro. Ó wọ́n. Ó sì ń wọ́n sí i. Ìjọba ní ẹjọ́ láti jẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí mò ń ta aṣọ ẹbí ni mo fẹ́ sọ èyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú: ẹgbẹ́ tó lè ra aṣọ ẹbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún lè ra ẹ̀rọ ìwọn BP kan. Mo fẹ́ tà fún yín, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ rántí ẹni tí ẹ jẹ lówó!

*Ẹ̀yin Mọ́gàjí, ẹ̀yin Ìyálọ́jà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́*

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa àgbà ló wà lọ́jà yìí, orí àwọn àgbà ẹlẹgbẹ́ wa ló sì ń wọ́. Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí.

Èkíní, ẹ dá àjọ ra ẹ̀rọ ìwọn BP kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa gbé e wá sí ìpàdé. Kí a tó gba owó àjọ, kí a wọn ẹ̀jẹ̀. Kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kó gbé apá lé tábìlì, kó má sọ̀rọ̀, kí ẹ má sì dì í mọ́ orí aṣọ. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé. Bí ti òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ lójijì, tí apá kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò bá já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, wákàtí yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má dúró de ẹ̀rọ, ẹ má dúró de àgbo.

Èkejì, ẹ yan ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ tó máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lórí oògùn pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti lò ó lónìí?" Ohun tí àwọn oníṣègùn abúlé ṣe ní Ṣáínà náà nìyẹn. Ẹ bá wọn dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù. Kò ju agbára wa lọ.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lọ́kàn mi. Ìyá àgbà tó ń rìn lóru, tó ń sọ̀rọ̀ dá, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní àjẹ́. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé agboolé, kí Mọ́gàjí bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kí ẹnikẹ́ni tó lanu: "Èló ni BP wọn?" Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí ìpàdé túká títí wọ́n á fi gbé ìyá dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà, dókítà ló máa wádìí ìyókù. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí ẹ̀sùn àjẹ́ ń wò sàn.

Ìyá tí mo sọ lókè yẹn, nígbà tí wọ́n kò mọ orúkọ mi mọ́, wọ́n ṣì máa ń fi ọwọ́ pa aṣọ tí mo bá wọ̀, wọ́n á ní, "Aṣọ gidi nìyí." Ọwọ́ wọn kò gbàgbé. Hóró kan láràárọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí sọ nínú ọkọ̀.

Bí ẹ bá rí i tí ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn tún dé orí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Èyí ni kí ẹ fi ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Ẹ kà á fún ìyá yín lálẹ́ òní, kí ẹ sì bi wọ́n pé oògùn wọn dà.

Iyè wa kò ní ra, a ó mọ ọmọ wa, ọmọ wa á sì mọ̀ wá. Ire o.